Ìbéèrè Tí Mo Bèèrè Níwájú Àlejò

Savalou,
ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti kọ lẹ́tà sí yín gbẹ̀yìn, mo sì mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀yin yóò wò ni bóyá mo fi àlàfo sílẹ̀ ní etí ìwé. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilẹ̀ Faransé, gbogbo lẹ́tà tí mo bá kọ sí yín ni ẹ máa ń dá padà fún mi pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì kọ ìdáhùn tiyín sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìwé má bàa ṣòfò. Àwọn akẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Èmi kò bínú. Lẹ́tà tí kò bá ní ìlà pupa, mo máa ń rò pé ẹ kò kà á dé òpin ni.

Èdè Ìṣà ni a ń sọ nínú ilé, èdè Máhì ni a ń bá àwọn ará àdúgbò sọ, Faransé sì ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n inú ìwé àdúrà Yorùbá tí ẹ rà ní Kétu ni ẹ ti kọ́ mi ní ìwé kíkà, kí n tó mọ Faransé kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní Yorùbá. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín, Faransé sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dán ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Màmá wà, ara rẹ̀ le, àfi ojú rẹ̀ tí ó ti ń ṣe bàìbàì. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ṣì ń nu tábìlì yín, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé abọ́ oúnjẹ lé e. Pọ́ọ̀lù àbúrò mi ń ṣe olùkọ́ ní Tchetti báyìí, àwọn ọmọ sì ń pe òun náà ní Mẹ́tìrì bí wọ́n ti máa ń pè yín. Ọwọ́ rẹ̀ ni mobilẹ́ẹ̀tì yín, alùpùpù kékeré yẹn, wà. Kì í nu pulọ́ọ̀gì rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó gbéra. Ó máa ń dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi kú sí ojú ọ̀nà. Ẹ̀yin kú kí orílẹ̀-èdè wa tó pààrọ̀ orúkọ. A kì í jẹ́ Dàhòmì mọ́, Benin ni a ń jẹ́. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba, kamaraadì, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ọmọ ogún ọdún ń pe ẹni àádọ́rin ọdún, tí yóò sì jókòó sórí àga nígbà tí àgbà wà ní ìdúró. Mo ti bá wọn wí títí ó fi sú mi. Wọ́n ní èmi ni ó kù sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ̀wé kì í ṣe ti ilé, Bàbá. Ti iṣẹ́ mi ni, àti ti ọjọ́ tí ẹ gbé mi lọ sí abúlé ìyá yín, lẹ́yìn Atokoligbé.

Mo rántí bí ó ṣe máa ń ṣòro fún yín láti ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa ń sọ pé ọmọ yín ń kọ́ nípa ogun. Ogun gan-an kọ́ ni mo ń kọ́. Ohun tí mo ń kọ́ ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń padà sí ibi tí wọ́n ti lé wọn kúrò, bí wọ́n ṣe ń tún ilé mọ, bí ẹni tí ó ti pàdánù ohun gbogbo ṣe tún ń di ará ìlú. Àwọn akẹgbẹ́ mi ní ilẹ̀ Faransé ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ìlú tí bọ́ǹbù wó. Afárá ni wọ́n ń kà, àti ojú irin, àti òrùlé. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń darí mi bèèrè ibi tí èmi yóò ti ṣe tèmi, mo ní ilé wa ni. Ó yà á lẹ́nu pé ogun jà níbẹ̀ rí. Mo wá ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dáná sun abúlé tí a bí ìyá bàbá mi sí, pé àwọn tí ó yè sá gun orí òkè olókùúta, pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, agbo ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ padà, àti bí ó ṣe gba àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin náà fẹ́ràn rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ nítorí pé ẹ ra táyà tuntun sí mobilẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé Kérésìmesì. A dé ilé Bàbá Ògúnjọbí, àgbà tí ẹ fẹ́ kí n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ní òwúrọ̀. Ẹ ti kọ́ mi bí n óò ṣe kúnlẹ̀, ibi tí n óò jókòó sí, àti pé n kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kí wọ́n tó fún wa ní omi. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi. Bí a ti mu omi tán ni Bàbá Adékànbí wọlé láti agbo ilé kejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní àràárọ̀. Mo rí i bí Bàbá Ògúnjọbí ṣe dìde lórí àga tirẹ̀, tí ó fi fún un, tí òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó sórí ẹní. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé ìwà ọmọlúwàbí ni. Mo sì tan ẹ̀rọ. Mo sì bèèrè, ní ohùn tí ó dán, èwo nínú àwọn agbo ilé ni ó kọ́kọ́ padà dé lẹ́yìn ogun.

Bàbá Ògúnjọbí na ọwọ́ sí àlejò rẹ̀. “Àwọn ni. Àwọn ni onílé. Àwa kàn ń bá wọn gbé ni.”

Bàbá Adékànbí ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yin fi fìlà yín kàn mí ní ìgúnpá. Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sókè ni. Mo tún bèèrè nítorí ẹ̀rọ, Bàbá Ògúnjọbí sì tún dáhùn bákan náà, ohùn rẹ̀ ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ẹ dúró ní etí odò láti nu pulọ́ọ̀gì. Ẹ kò wò mí. Ẹ ní, “Padà lọ bá Bàbá nígbà tí ó bá ku òun nìkan.”

Mo ní, “Bàbá, mo ti gbà á sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sọ ọ́.”

Ẹ dé pulọ́ọ̀gì padà, ẹ ká áńkáṣíìfù yín sí mẹ́rin, ẹ fi í sí àpò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo wọ bàálù. Kí ọdún tuntun náà tó parí, wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti lọ.

Kí ni ìdí tí ẹ kò fi là á mọ́lẹ̀ fún mi, Bàbá? Abúlé yẹn ni ìyá yín ti wá, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ẹni tí a tọ́ bí a ṣe tọ́ mi kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Tàbí ẹ̀yin náà kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́? Mo ti ro ọ̀nà méjèèjì. Èmi kò bi yín nígbà náà nítorí pé ọmọ kì í da ìbéèrè bo bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ti lo gbogbo òwúrọ̀ yẹn ní dída ìbéèrè bo bàbá ẹlòmíràn.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé gboyè mi. Orí kẹta. Mo kọ pé agbo ilé Adékànbí ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, pé àwọn ni wọ́n gba àwọn yòókù sílé. Orúkọ yín wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní oyè dókítà, wọ́n yìn mí, mo padà sílé, mo sì di olùkọ́ ní yunifásítì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ó wà nínú orí kẹta yẹn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ-ọmọ Bàbá Adékànbí. Ó kà á ní yàrá ìkàwé, ó dà á kọ pẹ̀lú ọwọ́, ó sì gbé e lọ fún àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ nílé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́ka sí ojú ìwé. Ó tọ́ka sí i dáadáa.

Ní ọdún tí ó kọjá, Felisité wá sí Savalou. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ Bàbá Ògúnjọbí tí ó kẹ́yìn, tí mo fi ọdún mẹ́rin jù, tí ó máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn alùpùpù ni ó jókòó sí láti Atokoligbé, eruku bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá, ó bèèrè àlàáfíà gbogbo wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnìkankan. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ ìwé.”

“A dúpẹ́. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Ó wà. Ìwé yín ń lé wa kúrò lóko.”

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn ọmọ Bàbá Adékànbí fẹ́ gbin kajú sí ilẹ̀ etí odò tí àwọn ẹ̀gbọ́n Felisité ń dáko sí. Wọ́n ti gbé ẹjọ́ lọ sí Bantè, ẹ̀rí wọn sì ni orí kẹta mi, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ni ilẹ̀ etí odò. Mo ní ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún mi ni mo kọ.

“Ẹ jókòó síwájú bàbá mi,” ni ó wí, “àlejò rẹ̀ wà lórí àga, ẹ wá ń bèèrè pé ta ni onílé. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó wí? Kí ó ní kí àlejò dìde?”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku ojú rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ọwọ́ òsì mi sẹ́yìn nígbà tí a bá ń gba búrẹ́dì. Ẹ̀yin tí ẹ ní mo ti kí Mẹ́tìrì kù díẹ̀ káàtó, kí n jáde kí n tún wọlé.”

Màmá sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó ti ń ro ọkà. “Felisité, jẹ́ kí ó mu omi kí o tó pa á.”

Felisité rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó bi mí bóyá mo ti dé abúlé rí nígbà iṣu tuntun. Mi ò tíì dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo máa ń lọ. Ó ní tí mo bá dé ibẹ̀ nígbà òjò ni, n kì bá tí bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ se iṣu tuntun, kò sí agbo ilé tí ó ń dá iná ti ara rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ń mú àpáàdì wá sí ààrò Ògúnjọbí láti fọn ẹyin iná, nítorí pé ibẹ̀ ni iná àkọ́kọ́ ti jó lẹ́yìn ogun. Àwọn ọmọbìnrin Adékànbí náà ń wá. Àwọn ni ó tilẹ̀ máa ń ṣíwájú, nítorí pé Bàbá Ògúnjọbí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọn ún kí wọ́n tó fọn ún.

Bàbá, gbogbo ọmọ ọdún méje ní abúlé yẹn ni ó ti rí ohun tí èmi kò rí.

Mo lọ bá olórí ẹ̀ka wa ní yunifásítì. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní ìwé tí a ti fi gba oyè kò ṣeé yí padà mọ́, pé ọ̀rọ̀ ìgbéga mi wà níwájú ìgbìmọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, pé kí n fi ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Èmi kì yóò parọ́ fún yín. Mo ń lọ sí kíláàsì, mo ń bá àwọn ọmọ tí ó pẹ́ dé wí, mo sì ń sọ fún ara mi pé n kò sí nínú ọ̀ràn náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ni mo tó lọ bá Bàbá Ògúnjọbí, nígbà tí ó ku òun nìkan.

Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán, ó ní kí n jókòó, ó sì ti ọ̀bẹ kan sí mi. A bó ẹ̀gẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“O pẹ́ kí o tó dé,” ni ó wí.

Mo ní kí ó dárí jì mí. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ lọ sọ ní Bantè pé ohun tí òun sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìyẹ́sí ni.

“Mo ti sọ ọ́. N kò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.”

“Bàbá, wọn yóò gba ilẹ̀ náà.”

“Bí mo bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, níbo ni Adékànbí yóò jókòó sí láàárọ̀ ọ̀la?”

Mo rán an létí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń ti ibẹ̀ jẹun. Ó ní ilẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ kò pọ̀, Bàbá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ̀. Nígbà tí mo dìde láti lọ, ó di ẹ̀gẹ́ tí èmi bó lọ́tọ̀, ó ní kí n gbé e fún ìyá mi.

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Bantè, níwájú ilé iṣẹ́ ìjọba, ní abẹ́ igi máńgòrò. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo rí i tí Bàbá Ògúnjọbí ń nu ìjókòó pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀ kí èkejì rẹ̀ tó jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ olórí níbẹ̀ ka orí kẹta mi ní Faransé, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó kà á dáadáa. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ni ó dún bí òtítọ́.

Ó yíjú sí Bàbá Ògúnjọbí. “Kamaraadì, ṣé ẹ̀yin ni ẹ sọ báyìí?”

“Èmi ni.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí?”

“Mo ní èmi ni mo sọ ọ́.”

Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ orí ba. Felisité kò wo bàbá rẹ̀. Èmi ni ó ń wò.

Mo dìde. Ẹnikẹ́ni kò pè mí, Bàbá. Gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi ni ó ń fà mí láṣọ kí n padà jókòó: kí obìnrin má dìde láàárín àwọn àgbà láìjẹ́ pé wọ́n pè é, kí n má já ọ̀rọ̀ gbà ní ẹnu ẹni tí ó lè bí mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí gbogbo wọn ti lè rí mi, mo sì ní ojú ìwé tí wọ́n kà yẹn, àṣìṣe ni, kí wọ́n má ṣe fi dá ẹjọ́ kankan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kamaraadì ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún yín ní dókítà náà ni?”

“Òun ni.”

“Ta wá ni ó ṣe àṣìṣe náà? Bàbá yìí ni?”

“Èmi ni. Mo bi onílé ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn níwájú àlejò.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo wá mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Mo lè ní n kò mọ̀. Ì bá bo àṣírí gbogbo wa díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ì bá dúró síbẹ̀, kajú ì bá sì wọ ilẹ̀. Mo ní ilé Ògúnjọbí ni, mo sì sọ ọ̀rọ̀ iná iṣu tuntun.

Bàbá Adékànbí ni ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

“Àwa mọ̀. Àwọn ọmọ wa ni kò mọ̀.”

Ó dìde, ó gbá ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọ̀nà ilé. Bàbá Ògúnjọbí dìde tẹ̀ lé e, ó ń pè é. Kò dáhùn. Wọ́n dá ẹjọ́ náà kí agogo méjìlá tó lù: kí oníkálukú máa dá oko tí ó ti ń dá.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Adékànbí kò lọ sí ilé èkejì rẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Bàbá Ògúnjọbí lọ bẹ̀ ẹ́ ní ilé. Bàbá Adékànbí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní omi, ó sì ní ẹsẹ̀ ni ó ń dun òun. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Felisité ránṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì fi kún un pé bàbá òun ní kí n má tíì wá. Mo kọ̀wé sí yunifásítì kí wọ́n fi ojú ìwé àtúnṣe sínú ìwé gboyè mi. Wọ́n fi í sínú rẹ̀. Wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìgbéga mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Ohun tí ó dùn mí ni èyí. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé lórí bí ènìyàn ṣe ń tún ara wọn ṣe lẹ́yìn ogun, mo sì ti kọ díẹ̀ kún un. Ní abúlé ìyá yín, ìyẹ́sí ni wọ́n fi tún ìlú mọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé pe ẹni tí ó kẹ́yìn ní onílé, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran kí ọgbẹ́ lè jinná. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì rí i. Mo sọ ọ́ di ohun ìní nínú ìwé. Nígbà tí mo sì fẹ́ tún un ṣe, ìta gbangba ni mo ti ṣe é.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí ọ̀nà tí a fi ń sọ ohun gbogbo láìdójú ti ẹnikẹ́ni, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

Ní Sátidé àná, mo lọ sí ilé Bàbá Adékànbí. N kò mú ẹ̀rọ, n kò mú ìwé, n kò mú bíírò. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó wà lórí ẹní, ó ń wo ìta. Orúnkún mi wà lórí òkúta kéékèèké títí òjìji fi kúrò lára mi. Àwọn ìyàwó ilé ń kọjá, wọ́n ń kí mi rọra. Nígbà tí ó yá, ó bi mí ní ọmọ ẹni tí mo jẹ́, bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí. Mo dárúkọ yín.

“Ṣé Mẹ́tìrì kò kọ́ ọ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni a kọ́kọ́ ń bá sọ ọ́?”

“Wọ́n kọ́ mi, Bàbá.”

“Nígbà náà, sọ ọ́ fún mi.”

Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó lóye ohun tí ó fẹ́. Ó fẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun bí ó ti yẹ kí n ti sọ ọ́ kí a tó dé Bantè: nínú ilé rẹ̀, fún òun nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo sọ ohun tí mo bèèrè, ohun tí mo kọ, àti ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Mo ní mo fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ ọ́ níta. Ó ronú bí ẹni pé ọjọ́ ẹjọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

“Mo fún ọ láyè,” ni ó wí. “Dìde.”

Bí mo ti ń gbọn orúnkún mi ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò bi í ní nǹkan kan. Ó ní àwọn márùn-ún ni ó kù nínú ẹbí òun tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ní àárín òjò, bàbá òun sì wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n ti pinnu láti dúró ní ẹ̀bá igbó kí wọ́n máa tọrọ. Yàrá kan ṣoṣo ni baba ńlá Ògúnjọbí tíì mọ. Ó rí wọn, ó jáde sínú òjò, kí wọ́n sì tó lè kúnlẹ̀, òun ni ó kúnlẹ̀ fún wọn. Ó ní, “Onílé dé. A ti ń bá yín ṣọ́ ilé láti ọjọ́ yìí.” Ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jáde sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní kí àwọn àlejò wọ inú yàrá lọ sùn.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti fi ń wá gbólóhùn yẹn, Bàbá, kí n tó mọ̀ pé òun ni mo ń wá. Ọwọ́ mi ń lọ sí àpò níbi tí bíírò máa ń wà. Bàbá Adékànbí rí ọwọ́ náà, ó ń wò mí. Mo gbé e padà sórí ẹsẹ̀ mi. Ó wá parí ìtàn rẹ̀.

N kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. N kì yóò fi kọ́ ẹnikẹ́ni ní kíláàsì. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tí ó fẹ́ràn yín, tí ó sì fi ìtẹríba pa ìwé yìí dé.